Nígbà tí Ariwo Bá Ń Dunni Létí: Èwo Ni Kí Ẹ Yàn, Èwo Ni Kí Ẹ Fi Sílẹ̀

Àwo tó bọ́ lójijì ní ilé ìdáná, họ́ọ̀nù kẹ̀kẹ́ NAPEP ní Nyanya lẹ́bàá Àbújá, ẹ̀rín ọmọdé nínú yàrá kékeré: ohun tí ará ilé ò kà sí lè gún ẹlòmíì nínú etí bí abẹ́rẹ́. Hyperacusis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn tí ìró ojoojúmọ́ fi ń le jù fún etí, èyí tó ń mú ìrora wá nínú rẹ̀ la sì ń sọ níbí. Ìrora náà lè máa gúnni, ó lè máa ta bí ata, ó lè dà bí ìgbà tí nǹkan kún etí, ó sì lè ràn dé àgbọ̀n àti ọrùn. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé kì í fi gbogbo ìgbà dé lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè jókòó síbi ìnáwó lọ́sàn-án Sátidé kí ara yín dá ṣáṣá, kó wá di òwúrọ̀ Sọ́ńdè kí etí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ẹ bá yàn nínú ìfiwéra yìí, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ fi dá a lẹ́jọ́.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń ṣe yín. Ìró lè máa dún sókè jù létí ènìyàn láìsí ìrora. Ìró kan pàtó, bíi ti ẹni tó ń jẹ egungun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, lè máa bí ènìyàn nínú tàbí kó máa kó jìnnìjìnnì bá a. Ìró sì lè máa dunni ní tòótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo lè ní méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún oríṣi méjì àkọ́kọ́, fífi ìró kékeré mọ́ etí lára ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìlànà yẹn fún ẹni tí ìró ń dùn, tí ẹ ń ní kó fara dà á, tí ẹ sì ń fi kún un lójoojúmọ́, ìrora náà lè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Níbí ni ìmọ̀ràn àwọn tó fẹ́ràn ẹni ti máa ń ṣeni léṣe jù.

Ariwo ńlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀rọ. Orí tó gbá nǹkan, túúlu, àti iṣan ojú tó dákú títí ojú fi yí sápá kan náà wà níbẹ̀, nítorí pé iṣan ojú yẹn ló ń darí ẹran kékeré kan lẹ́yìn awọ ìlù etí, èyí tó máa ń fún ara rẹ̀ láti dín ìró ńlá kù. Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn lè jáde dáadáa bí etí tiẹ̀ ń dunni. Ìyẹn kò sọ pé irọ́ ni aláìsàn ń pa. Bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ìró tó kéré jù lọ ni àyẹ̀wò náà ń wọ̀n, kì í wọn ìrora.

## Ohun tí a ń kì sétí àti ohun tí a ń dé

Mẹ́ta ló yẹ kí ẹ gbé síwájú ara wọn: èdídí fóòmù, èdídí àwọn olórin tí wọ́n fi ìwọ̀n etí ẹni ṣe, àti ìbo-etí ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dé.

| | Fóòmù | Èdídí àwọn olórin | Ìbo-etí |
|---|---|---|---|
| Agbára rẹ̀ | NRR (iye dẹ̀síbẹ́lì, ìyẹn ìwọ̀n ìró, tí páálí sọ pé ó ń dín kù) 29 sí 33 lórí páálí ọ̀pọ̀ | 9, 15 tàbí 25 dẹ̀síbẹ́lì, bí ẹ bá ṣe yàn án | láti nǹkan bíi NRR 20 dé 31 |
| Ọ̀rọ̀ ènìyàn | ó máa ń dún bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu | ó mọ́, ó kàn rẹlẹ̀ ni | ó jìnnà |
| Nínú ooru oṣù kẹta | etí á máa làágùn | ó ṣeé fara dà | ó nira lẹ́yìn wákàtí kan |
| Wíwọ̀ àti yíyọ | ó ń fẹ́ sùúrù | ó yá | kíá |
| Owó | ó kéré jù | ó pọ̀ jù | àárín |

NRR yẹn jẹ́ ohun tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá àyẹ̀wò. Ní 1998, NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, dámọ̀ràn pé kí a yọ ìdajì kúrò nínú ti fóòmù, kí a sì yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú ti ìbo-etí, torí pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọ̀ wọ́n kì í rí bíi ti yàrá àyẹ̀wò. Fóòmù NRR 33 wá ku nǹkan bíi 16, ìbo-etí NRR 28 sì ku 21. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé ìbo-etí ni kó kọ́kọ́ rà: ó ṣòro láti wọ̀ ọ́ ní àwọ̀dànù, ó sì ṣeé dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì nígbà tí aládùúgbò bá fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Ibi tó ti ń kùnà ni ẹsẹ̀ ìgò ojú, gèlè, híjáàbù tó nípọn, àti irun dídì tó ga. Wọ́n máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ ìbo-etí náà sókè díẹ̀, ariwo á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ dé e lábẹ́ híjáàbù, kó kan awọ ara.

Fóòmù ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bo gbogbo nǹkan. Ẹ fi ìka yí i títí yóò fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná, láìsí pé ó wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gba ẹ̀yìn orí mú etí pẹ̀lú ọwọ́ kejì, ẹ fà á sókè àti sẹ́yìn, kí ojú ọ̀nà inú rẹ̀ lè tọ́. Ẹ kì í wọlé, kí ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mú fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 títí yóò fi wú. Bí ẹ bá wo dígí, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì yọ síta, kò wọlé. Àmì mìíràn ni ohùn ara yín: bí ó bá ń dún bí ẹni tó wà nínú àgbá, èdídí náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tún un kì. Èyí tí kò bá wú padà mọ́ tàbí tó ti dọ̀tí, ẹ jù ú nù. Ooru, ìlàágùn àti èdídí tó dọ̀tí ni ọ̀nà tó yá jù láti kó kòkòrò àrùn àti yíyún sí ojú ihò etí, ẹ ó sì wá ní ìrora méjì tí ẹ kò ní mọ èwo ni èwo.

Ẹ má fi òwú dí etí. Ariwo tó ń dín kù kò tó nǹkan, òwú sì lè já kù sínú.

Ènìyàn lè wọ fóòmù, kó tún dé ìbo-etí lé e. Ó dára fún ọjọ́ tí kò sí ibi sísá, bí ọjọ́ ìrìn àjò tàbí ìgbà tí wọ́n bá ń fọ́ ògiri ní ilé kejì. Ṣùgbọ́n a kì í ro méjèèjì pọ̀ bí owó: nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́lì 5 péré ni ìkejì ń fi kún èyí tó lágbára jù. Egungun orí fúnra rẹ̀ ń gbé ìró wọ inú etí, kò sì sí èdídí tó lè dí egungun.

Hẹ́dífóònù tó ń fi iná bátìrì pa ariwo kò sí nínú àpótí òkè yẹn, nítorí pé ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn. Ó dára gan-an fún ìró tó ń hó lójú kan, bíi jẹnẹrétọ̀ òkèèrè tàbí inú ọkọ̀ òfuurufú. Kò lè ṣe nǹkan púpọ̀ sí àwo tó já tàbí ọmọ tó ké lójijì, èyí sì ni ọ̀tá ẹni tí ìró ń dùn. Àwọn kan tún máa ń sọ pé ó ń tẹ etí wọn bí ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra. Ẹ kọ́kọ́ yá ti ẹlòmíì wò, kí ẹ lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi orin sí i, kí ẹ tó náwó.

Òfin ilé-iṣẹ́ tí ẹ ó máa kà níbi gbogbo, pé dẹ̀síbẹ́lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ, pé bó bá fi 3 lé, kí àkókò dín sí ìdajì, etí tó dá ṣáṣá ni wọ́n ṣe é fún, kó má baà di adití. Kò sọ ibi tí ìrora yín ti ń bẹ̀rẹ̀.

## Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tàbí ìró kékeré

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń fa àríyànjiyàn jù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́.

Ní 2003, Formby, onímọ̀ nípa ìgbọ́ràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán ohun méjì wò fún ọ̀sẹ̀ méjì: èdídí tó dí etí, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìró rírẹlẹ̀ sétí. Lẹ́yìn èdídí, ìró wá ń dún sókè sí i létí àwọn ènìyàn náà; lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n lè gba ìró tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ohun tó ń wọlé bá ṣọ̀wọ́n, ọpọlọ a máa fi agbára kún un. Nítorí náà, ẹni tó ń wọ fóòmù nínú yàrá tó ti pa rọ́rọ́ ń ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ìró ń dùn ni wọ́n fi dán an wò. Fún àwọn wọ̀nyí, ìsinmi ní àkókò tirẹ̀. Ìdájọ́ tiwa ni pé bí ìrora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ru, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni kí ẹ yàn: kò sí ìdánwò, kò sí orin, kò sí ìpè gígùn, títí ìrora yóò fi padà sí ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lẹ́yìn tó bá ti dúró lójú kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ tó lè máa ronú nípa ìró.

Bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹ wá ìró òjò rírọra tàbí omi tó ń ṣàn. Ẹ gbé ohun tó ń sọ ọ́ sí òdìkejì yàrá, ẹ má fi sétí. Ẹ dín in kù dé ibi tó jẹ́ pé bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ẹ kò ní gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ kọ ìrora sílẹ̀ láti 0 dé 10 lálẹ́ àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá lọ sókè, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àkókò ni kí ẹ máa fi kún ṣáájú. Ẹ má fi kún àkókò àti ìró nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, torí bí etí bá dùn ẹ kò ní mọ èyí tó fà á. Bí ìrora òwúrọ̀ bá fi méjì lọ sókè, ẹ dúró, ẹ sinmi, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀pọ̀ ni ohùn tó ń ti inú fóònù jáde ń dùn ju ohùn ènìyàn lójúkojú lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ fi fóònù sílẹ̀, kí ẹ lo fáànù. Fáànù tábìlì tí kò mì, ní ipele àkọ́kọ́, ń fún etí ní ìró tó dọ́gba, ooru Àbújá sì ti jẹ́ kó jẹ́ ohun tí kò ṣàjèjì nínú yàrá. Èyí tó ń dún kà, kà, kà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Ní ti ìtọ́jú ìrònú tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń ṣe, kì í pa ìrora mọ́lẹ̀ bí oògùn. Ó ń dín ìbẹ̀rù tó ń mú àgbọ̀n àti ọrùn le kù, líle yẹn sì máa ń fi kún ìrora. Ẹ gbà á bí ẹ bá rí ẹni tó gbà pé ìrora yín jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ wá ẹlòmíì.

## Ilé àti iná

Bí ẹ bá ń wá ilé ní Kubwa, Lugbe tàbí Mararaba, ẹ má wo ògiri. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ dáadáa ń dí ariwo púpọ̀. Ojú fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn ni ariwo ń gbà. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń ṣí bí abala ìwé kò lè dí i rárá. Èyí tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ojú irin rẹ̀ ní àlàfo. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, tó ní rọ́bà yíká, ló dára jù. Ìṣòro rẹ̀ ni ooru: bí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù tàbí fáànù tó ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ ó ṣí i lóṣù kẹta, owó yín á sì wọgbó. Yàrá ẹ̀yìn tó kọ ẹ̀yìn sí títì sàn ju fèrèsé olówó ńlá ní iwájú.

Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì tó nípọn kò lè dá ariwo ìta dúró. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń gbé ìró inú yàrá mì, kí àwo tó bọ́ má baà dún padà láti ara ògiri. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n fún ìyẹn nìkan. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò yẹ ní wàhálà náà. Ní ilé ìdáná, ẹ tẹ́ rọ́bà sínú síǹkì ìfọ-àwo, kí ẹ fi abọ́ oníke rọ́pò irin fún ìgbà díẹ̀.

Láàárín jẹnẹrétọ̀ àti inverter, inverter ni, láìjanpata. Ẹ kàn sọ fún ẹni tó ń fi í sí i pé kó má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ibùsùn, torí pé bátìrì tó ń lọ tán máa ń mú un han pí-pí-pí, ìró ṣóńṣó tó burú fún etí tó ń dunni. Bí jẹnẹrétọ̀ nìkan ló wà, jíjìnnà ni oògùn rẹ̀. Ní gbangba, bí ẹ bá sọ jíjìnnà di ìlọ́po méjì, ìró rẹ̀ á fi dẹ̀síbẹ́lì 6 dín kù: láti mítà 5 sí 10, láti 10 sí 20. Láàárín ògiri méjì, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí yàrá láti pa ohùn rẹ̀. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí ẹ lè fi mọ̀ pé ó ń pani.

Òjò lórí páànù kò ṣeé bẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, ẹ jẹ́ kí ìbo-etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

## Ọkọ̀

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ti gbogbo gíláàsì ló sàn jù. Gíláàsì ẹ̀yìn kan ṣoṣo tó ṣí lórí eré máa ń mú afẹ́fẹ́ lu etí gbùù-gbùù, ìyẹn sì le ju kí méjì ṣí lọ. Ẹ́ńjìnì kẹ̀kẹ́ NAPEP wà lẹ́yìn lábẹ́ àwọn èrò, kò sì ní ògiri. Bí ó bá jẹ́ dandan, kí ó kúrú. Fún ìrìn àjò lọ sí Kaduna, a yan ọkọ̀ ojú irin láti Idu tàbí Kubwa, ní àárín, níbi tó jìnnà sí orí ọkọ̀, ju bọ́ọ̀sì tó ń gbé fíìmù sí gbangba lọ. Bí awakọ̀ kò bá gbọ́ Yorùbá, “Don Allah, rage sauti” lédè Haúsá ni ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́ kó dín ohùn rédíò kù.

## Ilé ìwòsàn: àyẹ̀wò wo, èwo ló lè dúró

National Ear Care Centre, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún etí, wà ní Kaduna. Ní Àbújá, ẹ lè rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní National Hospital, àti ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yunifásítì ní Gwagwalada. Àwọn tó wà ní Zaria, Kano àti Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tiwọn nítòsí.

Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó wọlé pé ìró ń dùn yín, kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sí yín létí. Fífi iná wo inú etí kò léwu. Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ń lo ìró kékeré, púpọ̀ lára yín lè ṣe é bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àyẹ̀wò ẹran kékeré ẹ̀yìn ìlù etí ń lo ìró tó lè dé 100 dẹ̀síbẹ́lì tàbí kó jù ú lọ. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí èyí dúró, àfi bí dókítà bá ní ìdí pàtàkì. Àyẹ̀wò MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, ń pariwo gan-an: ẹ béèrè bóyá CT, ẹ̀rọ àwòrán mìíràn tí kì í pariwo tó o, lè dáhùn ohun tí wọ́n ń wá, bí kò bá sì lè ṣe é, fóòmù àti ìbo-etí tí yàrá MRI fọwọ́ sí, papọ̀. Bí epo-etí bá dí etí, ẹ̀rọ tó ń fà á ń hó nítòsí ìlù etí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi irin kékeré yọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́, lẹ́yìn tí òróró ólífì tí kò gbóná bá ti rọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Etí tó di lójijì, tí kò gbọ́ràn mọ́, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù láàárín àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Òòyì, ojú tó yí, tàbí ọyún tó ń jáde létí náà rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí oògùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí fún àìsàn yìí gan-an. Dókítà lè dán oògùn ìrora iṣan tàbí ti túúlu wò. Ẹ má ra á fúnra yín, ẹ má sì já oògùn oorun tí ẹ ti ń lò tipẹ́ lójijì, nítorí pé jíjá bẹ́ẹ̀ lè mú kí ìró túbọ̀ máa dunni. Abẹ́rẹ́ gentamicin, tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, lè ba inú etí jẹ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ oníkẹ́mísì.

## Òde, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti fèrè ń rán ohùn síwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọrùn gan-an ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ yan ààyè yín níbi ìjọsìn, àti ilé tí ẹ fẹ́ gbà, pẹ̀lú èyí. Ẹ wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí kí ẹ tó san owó ilé.

Ìnáwó ló nira jù láàárín àwa Yorùbá, nítorí pé àìwá dà bí àìkàsí. Ẹ fiwé é báyìí: kí ẹ jókòó wákàtí mẹ́rin níwájú dùndún àti gbohùngbohùn pẹ̀lú fóòmù létí, tàbí kí ẹ dé ní kùtùkùtù nígbà tí wọ́n ṣì ń to àga, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, kí ẹ fi aṣọ ẹbí hàn, kí ẹ fi owó lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ pé, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa, etí ló ń yọ mí lẹ́nu, n ó padà wá kí yín kú ìnáwó lọ́la.” Kí ẹ sì wá lọ́la ní tòótọ́. Ìkejì ni kí ẹ yàn ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí ìwé ìrora yín bá ti fi oṣù mẹ́ta hàn láìru, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn pátápátá, níta àgọ́, pẹ̀lú èdídí àwọn olórin létí àti ìbo-etí nínú báàgì, kí ẹ wo ohun tí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì yóò sọ.